Ẹ Yọ Òwú Náà Kúrò Láyà Olútóyìn

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa dé ibi ọ̀fọ̀ yìí, ẹ kú àràfẹ́rakù. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin tí wọ́n lé pẹ̀lú wa kúrò níléeṣẹ́ aṣọ, ẹ kú ìrìn. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ lẹ fi rìn wá láti Ìkẹjà, nítorí kò sí epo, kò sí ọkọ̀, àwọn sójà tó ń ṣèjọba kò sì bìkítà. Ẹ̀yin ẹbí Dàwódù, ẹbí ọkọ olóògbé, ẹ kú ìrójú.

Sùlíyá ni mí. Mùsùlùmí ni mí, mo sì mọ̀ pé àìsùn àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì la wà yìí, ṣùgbọ́n Olútóyìn tó dùbúlẹ̀ sí yàrá yẹn kò béèrè ibi tí mo ti ń kírun lọ́wọ́ mi kó tó di ọ̀rẹ́ mi. Ìdí ọpọ́n àwọ̀ kan náà la jọ dúró sí níléeṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, à ń po pupa, à ń po dúdú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára ànkàrá. Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ìjọba tó já náírà wálẹ̀, tí ọ̀gá ní àwọ̀ òkè òkun ti wọ́n kọjá agbára òun, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lé àwa méjèèjì.

Pásítọ̀ ní kí n sọ ìwà rere olóògbé, kí n ṣe é ní ṣókí, kí n sì jókòó. Pásítọ̀, ẹ ṣé. N kò ní pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò ní dùn. Inú ń bí mi. Láti àárọ̀ tí mo ti wọ yàrá yẹn, tí mo rí ọ̀rẹ́ mi nínú pósí ló ti ń bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí mò ń bá jà. Ọmú kan ni Olútóyìn ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń wolẹ̀ yẹn, ẹ gbójú sókè, ọmú ni mo pè é. Jẹjẹrẹ mú èyí tó wà lápá òsì, dókítà gé e kúrò, ó sì fi ọ̀kan tó kù gbé láàárín wa. Kó tó kú, ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má fi nǹkan kan dí àyà òun tí wọ́n bá fẹ́ sin òun. Ó sọ fún mi. Ó sọ fún Precious, ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Àárọ̀ yìí ni mo wọlé lọ kí i, mo bá a nínú léèsì funfun, àyà rẹ̀ yọ méjèèjì bí ti ọmọge tó ń relé ọkọ. Mo fọwọ́ kàn án. Òwú ni. Wọ́n ki òwú bọ ibẹ̀, wọ́n sì fi kọ́mú há a mọ́ ọn.

Òwú! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi gbọ́. Nígbà tó wà láàyè tó ń wá òwú, ta ló rí òwú fún un?

Ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò ló rí kókó náà nígbà tó ń wẹ̀. Ìlú ń gbóná, táyà ń jó lójú títì, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kókó abẹ́ ọmú. Àwọn kan ní kó gbàdúrà. Ó gbàdúrà. Àwọn kan ní kó fi òrí pa á. Ó ní, "Ṣé ilẹ̀kùn tó ń dún ni ọmú mi ni?" Ó wọ bàtà rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù ìjọba. Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, nọ́ọ̀sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí á lọ ra ìbọ̀wọ́ dókítà wá, kí á ra abẹ́rẹ́, kí á ra okùn tí wọ́n máa fi rán an, kí á ra òwú. Omi ń dà lójú nọ́ọ̀sì náà bó ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ẹjọ́ wọn wà nílé ńlá, jẹnẹrétọ̀ ń dún gbìngbìn ní ẹ̀yìnkùlé wọn, tí wọ́n bá sì rí kókó lára ìyàwó tiwọn, bàálù ni wọ́n ń gbé e wọ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn kiri. Mo dé ilé ẹbí Dàwódù tí a wà yìí náà. Mo ní òwú nìkan ni mò ń wá o. Ẹ ní kí n padà wá lọ́la. Ó dáa, nígbà tí iléeṣẹ́ lé wa, wọn kò fún wa lówó, aṣọ funfun tí a kò tíì tẹ àwọ̀ sí ni wọ́n pín fún wa. Aṣọ yẹn ni mo fà ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo sè é nínú ìkòkò, mo sá a sóòrùn, òun la fi di egbò Olútóyìn títí ó fi jiná. Lónìí tó ti kú, òwú ti wá pọ̀ nílé yìí tó èyí tí wọ́n fi ń rọ ọmú. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò suwọ̀n láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tó jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Olóríkunkun ni. Mo sọ ọ́ níwájú òkú rẹ̀, tó bá ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gé fóòmù fún un pé kó máa kì í bọ kọ́mú kí ojú má ti ẹbí. Ó bu ọlá fún wọn, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Ìjọ ń jó, òun náà ń jó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó gbéra, fóòmù rìn lọ sábẹ́ apá. Ó ń jó. Fóòmù bọ́ sí ìdodo. Àwọn ìyá ìjọ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Kí ni Olútóyìn ṣe? Ó ki ọwọ́ bọ ọrùn búláòsì, ó fa fóòmù yọ, ó fi nu òógùn ojú rẹ̀, ó jó dé iwájú pẹpẹ. Àwa tí a wà níbẹ̀ la mọ bí a ṣe rẹ́rìn-ín tó. Láti ọjọ́ yẹn kò kì nǹkan kan bọ ibẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kò dùn ún. Ó dùn ún. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi, ó ní, "Sùlíyá, tí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń wo ibẹ̀. Ó dà bí ògiri tí wọ́n yọ fèrèsé rẹ̀, tí wọ́n wá rẹ́ ẹ pa. N kò fẹ́ fóòmù. Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ara mi."

Bó ṣe mú mi lọ sí Òrílé Agége nìyẹn, lọ́dọ̀ Ìyá Àjíṣọlá. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ wà níjòókòó mọ ìyá náà. Ilé olóòlà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí wọn. Nígbà èwe wọn, àwọn ni wọ́n ń fín àwọn obìnrin lára, apá, ẹ̀yìn, itan, kí ọkọ lè rí ẹwà. Àwọn ọmọ òde òní ti ń fi í ṣẹlẹ́yà, ìyá sì ti gbé irin iṣẹ́ wọn sókè àjà. Olútóyìn kúnlẹ̀, ó ṣí àyà rẹ̀, ó sọ ohun tó fẹ́. Ìyá wò ó títí.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti fín alángbá, mo ti fín igi ọ̀pẹ. Mo ti fín orúkọ ọkọ sí obìnrin tó padà kọ ọkọ náà sílẹ̀. N kò fín ọmú rí."

Olútóyìn ní, "Ìyá, ẹ kò ní fín ọmú. Orí ọmú nìkan lẹ máa fín, ẹ fi èyí tó kù ṣe àwòkọ́ṣe."

Ìyá ní rárá. Wọ́n ní ojú àpá kì í mu èédú ìfín bí ara tó dán, á mú níbì kan, kò ní mú níbòmíràn. Olútóyìn kò jà. Ó ń lọ kí wọn. Ó ń gbálẹ̀ fún wọn. Ó ń pọn omi. Ó lọ bá dókítà, dókítà ní kó jẹ́ kí àpá náà rọ̀ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó fi irin kàn án, kó má sì lo abẹ tí ẹlòmíràn ti lò, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tó wà níta. Ó dúró títí ó fi rọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá gbà, abẹ tuntun ló gbé wá, ó sè é, ó tún sè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rún ìgbálẹ̀ ya ibi tí èédú máa ki àti ibi tó máa fúyẹ́, bí àwa ṣe ń ṣe òdòdó ara ànkàrá kó lè dà bíi pé ó yọ sókè. Apá kan mú, apá kan ṣí kúrò. Ó padà lọ. Ó tún padà lọ. Kò pariwo, ó kàn di ọwọ́ mi mú débi pé egungun ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Nígbà tó parí, ó gba dígí. Ó wò ó, ó ní, "Ìyá, èyí ga ju èkejì lọ."

Ìyá Àjíṣọlá ní, "Èkejì ló ti já wálẹ̀. Èyí tí mo fún ẹ yìí, o lè di arúgbó ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, kò ní já."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Àwa náà rẹ́rìn-ín títí a fi sunkún.

Kò fi mọ sórí ara rẹ̀. Ibi tó bá ti gbọ́ pé wọ́n gé obìnrin kan lọ́mú, ó ń lọ síbẹ̀. Kì í wàásù. Á ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn, á sì ṣí búláòsì rẹ̀. Uswat tó ń ta ẹran ní Oko Ọba wà lára àwọn tó mú lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àjíṣọlá. Ìyá kan láti Aláúsá wà lára wọn. Ọ̀kan wá láti GRA, tó ní kí dẹ́rẹ́bà dúró ní ìkóríta kó má bàa mọ ilé tí òun ń wọ̀. Mo ń rí yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ má fòyà.

Èmi náà wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wò mí dáadáa. Ti apá ọ̀tún ni wọ́n gé nínú tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi gbé àdúgbò kan náà kò mọ̀, àfi ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Kí ló dé tí mo ṣì wà láàyè? Nítorí pé Olútóyìn kò fi tirẹ̀ pa mọ́ fún mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi hóró ẹ̀wà kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Bó ṣe rí nínú tèmi nìyí kó tó dàgbà. Lọ wo tìrẹ." Mo lọ wò ó, mo bá a níbẹ̀, kékeré bí ẹ̀wà. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá lọ sí ọsibítù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní òun kò ní dìde, òun kò ní jẹun, àfi tí mo bá wọ bàtà. Mo bú u. Mo pè é ní àjẹ́. Kò dìde. Mo wọ bàtà. Dókítà ní ká ní mo pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn.

Tirẹ̀ ló padà wá. Ó padà wá nígbà tí àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sun jẹjẹrẹ bàjẹ́, tí kò sí ẹni tó tún un ṣe. A lọ, wọ́n ní ẹ padà wá. A padà lọ, wọ́n ní ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kò tíì dé láti òkè òkun. Sójà ń ra ìbọn láti òkè òkun, ìbọn ń dé. Àwọn ènìyàn mi, ìbọn ń dé! Ọ̀rẹ́ mi ń gbẹ lórí ẹní níṣojú mi, a ń retí irin ẹ̀rọ kan títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Pásítọ̀, mo rí ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n parí. Tí ẹ bá ní kí n jókòó, màá sọ ìyókù láti ìjókòó, ohùn mi sì le.

Lọ́wọ́ àárọ̀ mo bi Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ pé kí ló fa òwú. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ni yín, n kò ní parọ́ mọ́ yín, ohun tí ẹ wí náà ni màá wí. Ẹ ní, "Sùlíyá, àbí o ò mọ Agége ni? Tí wọ́n bá rí òkú obìnrin tí ọmú rẹ̀ kan kò sí, wọ́n á ní àbúrò mi ti fi ṣe oògùn owó. Wọ́n á dáná sun ilé yìí mọ́ wa lórí."

Mo gbọ́ yín, Àǹtí. Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ìyà ti jẹ ìlú yìí débi pé tí ènìyàn bá kun ilé rẹ̀, wọ́n á ní ta ló pa. Mo mọ̀ pé àbúrò yín lẹ ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún àhesọ lóúnjẹ? Ẹ lẹ pósítà mọ́ ògiri láti ibí títí dé Pen Sínímà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kú "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́." Ráńpẹ́! Obìnrin tó bá a jà láti ọdún ìbò títí di òní. Ẹni tó bá ka àìsàn ráńpẹ́, tó wá gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wẹ̀ ẹ́ pé ọmú kan kò sí, kí lẹ fẹ́ kó rò? Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ ti rí i. Wọ́n ti rí ìfín ara rẹ̀ náà. Tí ẹ bá fi òwú sin ín, òwú yẹn ni wọ́n máa fi dá àbúrò yín lẹ́bi, wọ́n á ní ẹni tí kò ṣe nǹkan kì í dí nǹkan. Àǹtí, ohun tó lè gba ilé yìí là ni kí ẹ pe jẹjẹrẹ ní jẹjẹrẹ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ sì wo àwọn obìnrin tó wà níbí. Ó lè wà nínú yín, lónìí, ẹni tí nǹkan kan ń le lábẹ́ ọmú rẹ̀, tó ń fi òrí pa á, tó ń dákẹ́. Gbogbo pósítà tó ti kà láyé rẹ̀, àìsàn ráńpẹ́ ló pa gbogbo ènìyàn. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Ẹ fẹ́ fi òwú pa òun náà? Inú ń bí mi. Ẹ dákun, inú ń bí mi gan-an.

Baba Precious, ó kan yín. Ẹ gbójú sókè. Ọkùnrin dáadáa ni yín, n kò ní fi irọ́ bà yín jẹ́. Àwọn ọkọ kan sá lọ, ẹ̀yin kò sá. Ẹ fọ egbò rẹ̀. Ẹ bu omi sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀ wá nítorí àyà rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ní, "Tóyìn, mo gbọ́." Kí wá lẹ gbọ́? Àárọ̀ yìí tí wọ́n ń ki òwú bọ̀ ọ́, ẹnu ọ̀nà lẹ jókòó sí. Precious ń sunkún pé bàbá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ń wolẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ló tọ́ yín dàgbà, ẹnu yín kò gbà á láti tako wọn. Òkú kò lẹ́nu rárá. Ẹ̀yin lẹ lè bá a sọ ọ́. Láàárọ̀ ọ̀la wọ́n á kan pósí pa, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Èmi kò lè wọ yàrá yẹn lọ tú aṣọ òkú ẹbí yín. Ẹ̀yin lẹ ní in. Mo dúró, Baba Precious. N kò ní sọ nǹkan kan mọ́ títí ẹ ó fi dá mi lóhùn.

Ta ló dìde lẹ́yìn yẹn? Uswat. Uswat ẹlẹ́ran, dúró bẹ́ẹ̀, má jókòó. Ìyá Aláúsá, ẹ̀yin náà? Ọlọ́run á dúró tì yín. Ìyá kejì yẹn, n kò mọ̀ yín, n kò mọ̀ pé ẹ wà lára wa. Ẹ káàbọ̀.

Kí lẹ wí, Baba Precious? Ẹ sọ ọ́ sókè, àwọn tó wà lójú títì kò gbọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí o. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yọ ọ́. Ìyàwó mi ni. Jẹjẹrẹ ló pa á."

Ó sọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn, ó sọ ọ́ níwájú gbogbo yín.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣé tí ẹ dìde. Ẹ má dá lọ. Precious, bá wọn wọlé, ìyá rẹ ni. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ rọra tú u, ẹ sì wọ léèsì náà padà fún un, ó rẹwà nínú rẹ̀. Léèsì kọ́ ni mo bá jà.

Olútóyìn, mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó o rán mi. Wọ́n ń bọ̀ wá bá ẹ. Inú ṣì ń bí mi, kò ní tán lónìí, kò sì ní tán lọ́la tí a bá bo ilẹ̀ lé ẹ. Wọ́n máa ń sọ fún òkú pé tó bá délé, kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló. N kò ní sọ ìyẹn fún ẹ, o kò jẹ ìjẹkújẹ rí láyé. Ohun tí màá sọ fún ẹ ni pé, tí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè lọ́hùn-ún pé kí ló mú ẹ wá nígbà tí ọmọ rẹ kò tíì relé ọkọ, má ṣe dákẹ́. Dárúkọ jẹjẹrẹ. Dárúkọ ẹ̀rọ tí wọn kò tún ṣe. Dárúkọ àwọn tó ra ìbọn. Tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù, jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Lọ ní àlàáfíà, ọ̀rẹ́ mi. Má bo àyà rẹ fún ẹnikẹ́ni.